Òfin abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹni tí ó fẹ́ mú ajá rẹ̀ láti Nàìjíríà wọ Ìlú Ọba

Ìbéèrè kan wà tí ó ń da ọkàn ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá rú nígbà tí wọ́n bá ń kó lọ sí Ìlú Ọba, tàbí nígbà tí wọ́n bá ti ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n sì wálé láti wá mú ajá tí wọ́n fi sílẹ̀. Ajá náà ti gba abẹ́rẹ́, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́, kí ló dé tí wọ́n tún ní kí ó dúró fún bí oṣù mẹ́rin kí ó tó lè wọkọ̀ òfurufú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òfin Bìrìtéènì kò dúró lórí abẹ́rẹ́ nìkan. Ohun tí ó ń béèrè ni ẹ̀rí pé ajá yìí gan-an, kì í ṣe òmíràn, ni ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àti pé kò tíì kó àrùn náà kí ó tó gbà á. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá gbé ti ẹ̀yìn ṣáájú yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bìrìtéènì tí mo ń sọ nínú àlàyé yìí ni England, Scotland àti Wales. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni Northern Ireland ń tẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn.

Dìgbòlugi ni ìdí tí gbogbo òfin yìí fi wà. Kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fà á máa ń wà nínú itọ́ ẹran tí ó ti kó o, ojú ibi tí ẹran náà bá ti bu ẹlòmíràn jẹ ni ó sì ń gbà wọlé. Inú àwọn okùn ìmọ̀lára tí ó so gbogbo ara mọ́ ọpọlọ ni ó ń bá gòkè díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ọpọlọ, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá sínú itọ́. Ìrìn yìí lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni ajá yóò máa jẹun, tí yóò máa ṣeré, tí kò sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Nígbà tí àmì bá fi máa fara hàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́, ì báà jẹ́ ajá, ì báà jẹ́ ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, pé Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn wà, àti pé nínú 100 ènìyàn tí ó bá kó o, nǹkan bí 99 ni ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Ìlú tiwa pàápàá wà nínú ìtàn ẹbí kòkòrò yìí: méjì nínú àwọn ìbátan dìgbòlugi ń jẹ́ orúkọ Èkó àti orúkọ Mokola ní Ìbàdàn, nítorí pé lára àdán ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èkíní ní 1956, tí wọ́n sì rí èkejì lára asín ní Ìbàdàn ní 1968. Ti dìgbòlugi fúnra rẹ̀ nìkan ni òfin ìrìnnà ajá ń sọ.

Bìrìtéènì ti ṣẹ́gun àrùn yìí láàárín ajá rẹ̀ ní 1902, ṣùgbọ́n ní 1918, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń ti Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bọ̀, ajá tí wọ́n yọ́ mú wọlé dá a padà, ó sì di 1922 kí wọ́n tó tún lè pa á rẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ajá òkèèrè mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ajá tí ó bá wọ ibẹ̀ ní láti lo oṣù mẹ́fà gbáko nínú àhámọ́ ìyàsọ́tọ̀, níbi tí olówó rẹ̀ ti lè máa wá wò ó ṣùgbọ́n tí kò lè mú un lọ sílé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi microchip (ohun tíńtín tí ó gbé nọ́ńbà ajá sábẹ́ awọ rẹ̀), abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rọ́pò àhámọ́ fún ajá láti àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ajá Nàìjíríà kò jẹ nínú àǹfààní náà títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún ajá láti ibi gbogbo. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí oṣù mẹ́ta ìdúró ń bí nínú mọ èyí: kí ó tó di ìgbà náà, inú àgò ní ilẹ̀ àjèjì ni ajá rẹ̀ ì bá ti lo ìlọ́po méjì àkókò yẹn, nígbà tí ó jẹ́ pé lónìí, inú ilé tí ó mọ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí ó mọ̀, ni yóò ti dúró.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọlé ni pé òfin kan náà kọ́ ni fún gbogbo ayé. Ìjọba Bìrìtéènì ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mauritius wà nínú rẹ̀, ajá tí ó bá sì ti ibẹ̀ wá kò ní láti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti ní microchip, tí ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí ọjọ́ 21 sì ti kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, apá tí ó jẹ mọ́ dìgbòlugi ti parí fún un. Nàìjíríà kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni Benin àti Togo kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín tí ó mú ajá rẹ̀ láti Houston wá sí London bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òun fi dúró, òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tiyín.

Ìdàrúdàpọ̀ kejì wà lórí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá nítorí pé ojú lásán kò lè rí i. Ní ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ẹran wa, abẹ́rẹ́ tí ọmọ ajá kọ́kọ́ máa ń gbà ni èyí tí wọ́n ń pè ní DHLPP, tí ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ páfò àti àwọn àìsàn mìíràn tí ó máa ń pa ọmọ ajá. Abẹ́rẹ́ tí ó dára ni, kò sì yẹ kí ajá kankan má gbà á, ṣùgbọ́n kò sí dìgbòlugi nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi dá dúró ní tirẹ̀. Ajá kan lè ní káàdì tí ó kún fún òǹtẹ̀ àti àmì abẹ́rẹ́ láti ojú ìwé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé lójú òfin Ìlú Ọba kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Ẹ ṣí káàdì ajá yín lónìí, kí ẹ wá ojú ibi tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sí. Bí ẹ kò bá rí i, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n microchip ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ náà. Ohun tíńtín kan ni, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, tí dókítà ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ajá ní ẹ̀yìn ọrùn tàbí láàárín èjìká méjèèjì. Nọ́ńbà 15 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n bá nà sí ara ajá ni yóò sì kà á jáde. Kò ní bátìrì, kì í tọpa ibi tí ajá bá lọ; iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ pé ajá báyìí ni èyí. Òun ni ó so ajá pọ̀ mọ́ ìwé rẹ̀. Láìsí i, káàdì abẹ́rẹ́ kàn jẹ́ bébà tí ó lè jẹ́ ti ajá èyíkéyìí. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí ajá gbà kí wọ́n tó fi microchip sí i lára kò fi já mọ́ nǹkan kan lójú òfin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dáàbò bo ajá náà ní ti gidi. A lè ṣe méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, kí dókítà ti microchip sí i lára, kí ó kà á láti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó gún abẹ́rẹ́. Bí ajá yín bá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dún tó kọjá tí kò sì ní microchip, yóò gba òmíràn, kò sì sí ewu nínú rẹ̀ fún un. Kí ẹ sì rí i dájú pé irú microchip tí ó bá ìlànà àgbáyé ISO 11784 àti ISO 11785 mu ni dókítà lò, torí bí kò bá bá a mu, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò mú ẹ̀rọ tí ó lè kà á dání dé pápákọ̀ òfurufú.

Ọmọ ajá gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán kí ó tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí òfin yóò kà kún. Ohun tí a kọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ṣe pàtàkì tó abẹ́rẹ́ náà gan-an: ọjọ́ ìbí ajá, nọ́ńbà microchip àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́, orúkọ abẹ́rẹ́ àti ti iléeṣẹ́ tí ó ṣe é, nọ́ńbà ìpele tí ó wà lára ìgò rẹ̀, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, pẹ̀lú orúkọ àti ìfọwọ́sí dókítà. Mo mọ̀ pé ojú lè máa ti ènìyàn láti jókòó ti dókítà kí ó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó bá yàtọ̀ láàárín ìwé àti microchip ti tó láti dá ajá dúró ní ìlú òkèèrè, kò sì sí bí dókítà náà yóò ṣe ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e, òun ni ó sì ń gba sùúrù jù. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí dókítà tó fa ẹ̀jẹ̀ ajá, a kì í sì í ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ara nílò àkókò láti kó àwọn ọmọ ogun tí yóò bá dìgbòlugi jà jọ. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ ní kíákíá jù, wọn lè má tíì pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni iye àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí, ó sì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU (ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n fi ń ka agbára wọn) nínú mìlílítà kan, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ni ó lè ṣe é. Inú àkọsílẹ̀ àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ni ilé àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ wà. Èsì tí ó bá wá láti ilé àyẹ̀wò mìíràn kò ní wúlò, bí ó ti wù kí iye tí ó wà nínú rẹ̀ dára tó. Nítorí náà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ilé àyẹ̀wò tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà fúnra yín, kí abẹ́rẹ́ tó kan ara ajá. Ẹ tún béèrè bí yóò ṣe ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ àti bí yóò ṣe máa wà ní tútù títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó bá bàjẹ́ lọ́nà túmọ̀ sí pé a ó tún òmíràn fà. Bí iye náà kò bá tó, kì í ṣe òpin ayé: ajá yóò gba abẹ́rẹ́ mìíràn, ọjọ́ 30 yóò tún kọjá, a ó sì tún ẹ̀jẹ̀ fà.

Nígbà tí èsì bá dára, ajá yóò dúró fún oṣù mẹ́ta kí ó tó lè wọ Bìrìtéènì. Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí èsì rẹ̀ dára ni a ti ń ka oṣù mẹ́ta náà, kì í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí èsì dé. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń bi mí pé, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti fi hàn pé ọmọ ogun ara pọ̀ tó, kí ni a tún ń retí? Ẹ rántí ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kòkòrò náà máa ń rìn. Ajá tí ẹran kan ti bù jẹ kí ó tó gba abẹ́rẹ́ lè ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kí àrùn náà máa gòkè lọ sí ọpọlọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè ya irú ajá bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kó àrùn náà, àkókò ni ó lè yà wọ́n. Ajá tí ó ti kó àrùn náà yóò sábà fi àmì hàn láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, nínú ìlú tí ó wà, kí ó tó dé ibi tí dìgbòlugi kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ sí i kí ó lè yé wa. Ká ní ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní Èkó ni ajá kan ti gba microchip àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ọjọ́ 4 oṣù kejì ni ọjọ́ tí ó yá jù lọ tí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 6 ni wọ́n fà á, tí èsì rẹ̀ sì dára. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ni oṣù mẹ́ta pé, kí ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò mú ajá balẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kọjá. Oṣù mẹ́rin nìyẹn tí nǹkan kan kò bá yẹ̀, oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ni èmi yóò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi sílẹ̀ fún un. Ó tún hàn láti inú ìṣirò yìí pé kò sí bí ọmọ ajá láti Nàìjíríà ṣe lè wọ Ìlú Ọba kí ó tó sún mọ́ ọmọ oṣù méje. Ẹni tí ó bá ní òun ní ọmọ ajá oṣù mẹ́ta láti Nàìjíríà tí òun lè kó wọ London ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, irọ́ ni ó ń pa tàbí ìwé èké ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójijì. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, ó sì lè jẹ́ ọdún kan tàbí ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ tí ó ṣe é ti kọ ọ́. Bí ajá bá gba abẹ́rẹ́ àtúngún kí ọjọ́ náà tó pé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ṣì wúlò, kò sì ní láti tún un ṣe. Bí ó bá pẹ́ ní ọjọ́ kan péré, òfin yóò kà á sí ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́: abẹ́rẹ́ mìíràn, ọjọ́ 30 mìíràn, ẹ̀jẹ̀ mìíràn, oṣù mẹ́ta mìíràn. Kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí ibi tí ojú yín yóò ti máa rí i.

Àwọn tí ó ń gbé ní Bìrìtéènì tí wọ́n fẹ́ mú ajá wọn wá sílé fún ọdún Kérésì tàbí fún ìsinmi gígùn ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mọ́ jù, nítorí wọ́n rò pé ajá tí a bí ní Manchester kò lè di àjèjì ní Manchester. Ibi tí ajá ti ń bọ̀ ni òfin ń wò, kò wo ibi tí wọ́n ti bí i. Ajá tí ó bá ti Nàìjíríà padà nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àǹfààní ńlá kan wà fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ṣá o: bí ó bá ti gba abẹ́rẹ́, tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí ó sì ti gba ìwé ìrìnnà tí òfin mọ̀, kí ó tó kúrò lọ sí Nàìjíríà, kò ní láti dúró fún oṣù mẹ́ta nígbà tí ó bá ń padà. Ẹni tí ó bá gbàgbé, tí ó wá di pé Ìkẹjà ni ó ti ń wá ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ ajá, yóò fi ajá sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tí ìsinmi bá parí. Kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà ní Bìrìtéènì kí ẹ tó wá. Kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ dání lọ, kí ẹ mú un dání bọ̀.

Àwọn kan ti gbọ́ pé bí ènìyàn bá gbé ajá gba Kutọnu, tàbí tí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní Paris kí ó tó fi ọkọ̀ gba abẹ́ òkun kọjá sí Folkestone ní England, òfin yóò dẹ̀. Benin kò sí nínú àkọsílẹ̀, nítorí náà Kutọnu kò yí nǹkan kan padà. Ní ti Paris, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún ajá láti Nàìjíríà béèrè microchip, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oṣù mẹ́ta kan náà, kí ó tó jẹ́ kí ajá tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Faransé. Àwọn kan ń gba ọ̀nà yẹn nítorí pé ó lè dín owó kù, èyí kò burú, ṣùgbọ́n ìwé wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ ìhà méjèèjì lọ́rùn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá ti pé, ó ku oògùn aràn. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ kan tí ń jẹ́ Echinococcus multilocularis kò sí ní Bìrìtéènì, wọn kò sì fẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Dókítà ẹran ni ó gbọ́dọ̀ fún ajá ní oògùn tí ó ní praziquantel nínú, tàbí irú rẹ̀ tí ó ń pa aràn yìí, kí ó sì kọ ọjọ́ àti aago tí ó fún un. Wákàtí 24 ni ó kéré jù ṣáájú àkókò tí ajá yóò dé, wákàtí 120 ni ó pọ̀ jù. Nítorí wákàtí wọ̀nyí, bí ọkọ̀ òfurufú yín bá sún ọjọ́ síwájú, ẹ tún wákàtí oògùn náà kà kí ẹ tó jáde nílé.

Ìwé ẹ̀rí ìlera ni ó ń kó gbogbo èyí jọ. Dókítà ẹran tí ìjọba fún láṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ajá sì gbọ́dọ̀ dé Bìrìtéènì láàárín ọjọ́ 10 tí wọ́n fi ìwé náà fún yín. Ní Nàìjíríà, àjọ NAQS tí ó ń bójú tó ìyàsọ́tọ̀ ohun ọ̀gbìn àti ẹran ní ọ́fíìsì ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, kí ẹ sì kàn sí wọn ní kùtùkùtù, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìnnà. Láti Nàìjíríà, ẹrù ni ọkọ̀ òfurufú tí ó bá ń lọ tààrà sí Bìrìtéènì yóò ka ajá sí, kì í ṣe èrò, àyàfi ajá tí ó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni ó sì lè gbà wọlé, irú bíi Heathrow, níbi tí ilé ìgbàlejò ẹran wà tí wọn yóò ti ka microchip rẹ̀ kí wọ́n sì yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ni ajá, tàbí ẹni tí ẹ bá fi ìwé yàn, gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò láàárín ọjọ́ márùn-ún ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò kà á sí ajá ọjà, òfin ti ọjà sì le ju èyí lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó sórí abẹ́rẹ́ pàápàá, kí ó kọ́kọ́ wo irú ajá tí òun ní. Òfin Bìrìtéènì ti ọdún 1991 lórí ajá eléwu ka Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro léèwọ̀, wọ́n sì ti fi XL Bully kún un láti òpin ọdún 2023. Boerboel, tí ó pọ̀ ní àgbàlá àwọn ilé wa, kò sí nínú wọn. Òfin náà kan ajá tí ìrísí rẹ̀ bá jọ ti Pit Bull pàápàá, kò sì sí abẹ́rẹ́ tàbí ìwé tí ó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ní ti àwọn tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà, òfin wọn jọ ti Bìrìtéènì, àmọ́ kí ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2020, àjọ CDC, tí ó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, rí ajá tí ó lé ní 450 tí wọ́n kó wọlé pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí kò pé tàbí tí ó jẹ́ ayédèrú, ní oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n sì dá gbígbé ajá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí dìgbòlugi ti pọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ ni wọ́n kó ìyà yẹn bá àwọn olóòótọ́. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2024: gbogbo ajá tí ó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà, kí ó ní microchip, kí olówó rẹ̀ sì ti kún fọ́ọ̀mù CDC kí wọ́n tó gbéra. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí eléwu. Ajá tí ó ti wà níbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú, tí ó sì jẹ́ pé òkèèrè ni ó ti gba abẹ́rẹ́, nílò ìwé ẹ̀rí tí dókítà ìjọba fọwọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tí ilé ìtọ́jú ẹran tí CDC fọwọ́ sí wà, níbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò tí wọn yóò sì tún fún un ní abẹ́rẹ́. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dára, tí ó kéré tán ọjọ́ 28 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n fà á, kò ní wọ àhámọ́. Bí kò bá ní èsì ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 28 ni yóò lò níbẹ̀. Ajá tí ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí ó tó wá sí Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àhámọ́ méjèèjì, bí olówó rẹ̀ bá ti gba fọ́ọ̀mù tí USDA, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Ní Bìrìtéènì, ajá tí ohun kan bá yingin nínú ìwé rẹ̀ lè wọ àhámọ́ ìyàsọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́rin ó pọ̀ jù, tàbí kí wọ́n dá a padà síbi tí ó ti wá, olówó rẹ̀ ni yóò sì san gbogbo owó rẹ̀. Fún ẹni tí iléèwé tàbí iṣẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀nà tí mo rí tí ó tọ́ ni pé kí ó ṣe microchip, abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lọ, kí ó fi ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ajá ti mọ̀, kí ó fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ àtúngún lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù dókítà, kí ó sì padà wá mú un nígbà ìsinmi rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá lè wá, kí ó fi ìwé yàn ẹnì kan nínú ẹbí tí ó ti ní físà, tí yóò bá ajá náà rìn.